Abẹ Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ẹ̀jẹ̀ Onílé Wò

Cardiff,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, ọdún 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín kú ọyẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá rí òtútù ibi tí mo wà yìí, ẹ ó ní eré ni ọyẹ́ ilé ń ṣe. Mo kí gbogbo Beyerúnká. Mo kí àwọn àgbà tó ń jókòó níwájú ilé wa lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ṣé etí yín ti sàn díẹ̀? Bọ́lánlé ní inú àpótí ni ẹ gbé ẹ̀rọ etí tí mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lò ó. Mi ò kọ̀ ká máa fi lẹ́tà sọ̀rọ̀, nítorí nǹkan wà tí bírò máa ń rí sọ tí ẹnu kì í lè sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà ń lò lójú ọ̀nà ló ń dùn mí.

Iṣẹ́ mi ń lọ. Ilé ìfọṣọ ọsibítù yẹn náà ni mo ṣì wà, aṣọ àwọn aláìsàn là ń fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń rẹ̀ mí díẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ ronú.

Ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ rèé. Ìkúnlẹ̀ Bọ́lánlé ti sún mọ́lé. Ọlọ́run á sọ ọ́ láyọ̀. Bàbá, tó bá jẹ́ ọkùnrin ló bí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n kọlà fún un níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni olóòlà, mo mọ̀ pé bàbá yín ni olóòlà, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ yín wé ti nọ́ọ̀sì kan. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ayé ti yí, àgbà náà sì ti dé sí yín. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi.

Mo ti pe Bọ́lánlé lórí fóònù. Ó ní òun ò ní ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́ níwájú yín, pé kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Ẹ má bínú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Abdulmajeed Àlàbí


Beyerúnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọdún 2024

Abdulmajeed Àlàbí, ọmọ mi,

Wàálékùmù sàlámù. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kà á, nítorí mo rò pé ojú ló tún fẹ́ bá etí lọ. Ẹ̀rọ etí rẹ, mo gbé e sétí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ńṣe ló dà bíi pé ogún obìnrin ń dín àkàrà sí mi lórí. Mo yọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ìdákẹ́jẹ́.

O ní ayé ti yí. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀? Ìwọ ṣì wà ní ṣòkòtò péńpé nígbà tí àwọn elétò ìlera pe gbogbo àwa olóòlà jọ sí Mápó, tí wọ́n kìlọ̀ fún wa nípa àrùn éèdì. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ àlejò kan kò tíì rí abẹ àtijọ́ lọ́wọ́ mi. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ni. Ojú ìyá ọmọ ni mo ti ń já pépà rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ni mo ti ń sọ ọ́ nù. Bi àwọn ará Ọ̀rányàn, bi àwọn ará Ọjà'ba.

Ṣùgbọ́n ọmọ ilé kì í ṣe àlejò, Àlàbí. Ṣé mo wá ní láti máa kọ́ ọ ní ohun tí o bá nílé? Bàbá bàbá mi ló ni abẹ ilé wa. Kí ó tó kan ọmọ tí wọ́n bí nínú agbo ilé yìí, olóòlà á kọ́kọ́ fi ṣá àtàǹpàkò ara rẹ̀, kí abẹ tọ́ ẹ̀jẹ̀ onílé wò, kó mọ̀ pé ọmọ onílé ni òun fẹ́ kàn, kó sì rọra. Bàbá mi ṣe é fún mi. Mo ṣe é fún Àkíbù. Mo ṣe é fún ìwọ náà, o ò sì sunkún tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí ilé olóòlà mìíràn tó ń ṣe é ní gbogbo Ìbàdàn yìí, tiwa ni. Wàyí o, o fẹ́ kí wọ́n fi abẹ ọsibítù kan ọmọ ọmọ mi bí ẹni pé wọ́n rà á ní Bẹẹrẹ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ Àkíbù, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, òun náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù láìsọ ìdí kankan fún mi. Mo mọ ẹni tó kọ́ Àkíbù lẹ́kọ̀ọ́. Jamilah ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin yẹn kò fẹ́ nǹkan kan tó jẹ́ tiwa láti ọjọ́ tó ti wọlé. Kò pé ọdún mẹ́ta sígbà náà tí ikùn Àkíbù wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, tó ń bi ẹ̀jẹ̀. Ṣé ọmọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ń ṣàdéédé kú báyẹn? Ohun tó fi sínú ọbẹ̀ fún un ni. Mo sọ ọ́ níjọ́ fìdáù níwájú gbogbo èèyàn, mo sì ní kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́. Títí dòní kò sọ̀rọ̀ kan láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ìròyìn ayọ̀ parí rẹ̀. Bọ́lánlé ti bí, ọkùnrin ni, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá. Ìbùkúnolúwa ni David ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ìjọ aládùúrà rẹ̀ gbé omi àdúrà wá, èmi náà ṣe àdúà tèmi, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà. Lọ́jọ́ kẹjọ mo kọlà fún un. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n díẹ̀, abẹ sì wọ àtàǹpàkò mi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mo fi omi ìgbín pa á, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ náà ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Máa jẹun dáadáa. Àárẹ̀ tí o sọ yẹn, àìjẹ iyán ni.

Bàbá rẹ,
Mústáfà Olóòlà


Cardiff,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò, mo sì fi pépà sílẹ̀, mo bọ́ síta, mo dúró sínú òjò. Mo jẹ̀bi yín. Ohun tó yẹ kí n kọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kọ báyìí, ó sì ti pẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù níbi iṣẹ́ wa wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Mo fi tèmi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n kọ̀wé pé wọn ò lè lò ó, pé mo ní àrùn mẹ́dọ̀wú, oríṣi tí wọ́n ń pè ní C. Kòkòrò kan ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ. Kì í pariwo. Ẹni tó ní in lè máa ṣiṣẹ́, kó máa bímọ, fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n, kó má mọ̀. Ẹ̀dọ̀ á máa le díẹ̀díẹ̀, á di kìkì àpá. Tó bá wá yá, ikùn á wú, ojú á pọ́n, ẹni náà á máa bi ẹ̀jẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sí mi bí Àkíbù ṣe kú. Kò sí májèlé tó ń fi ọdún mọ́kàndínlógójì pa èèyàn.

Oògùn wà fún un. Hóró ni, ọ̀sẹ̀ méjìlá lèèyàn ń lò ó, ó sì ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá lò ó sàn. Mo lò ó pé. Wọ́n ní kòkòrò ti lọ, mo sì se ìrẹsì, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ti padà. Ó ya Dókítà Clara tó ń tọ́jú mi lẹ́nu. Ó fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wo ìran kòkòrò náà, nítorí ó pín sí ẹ̀yà bí iṣu ṣe pín sí ẹ̀yà. Èsì dé ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ẹ̀yà tó wà lára mi ṣọ̀wọ́n. Dókítà náà kò rí i rí lára ẹnikẹ́ni, inú ìwé ló ti kà nípa rẹ̀, àwọn díẹ̀ tí wọ́n sì ti rí i lára wọn, apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yà àwọn ará ibí ni wọ́n fi dán oògùn wọn wò. Tiwa mọ bí a ṣe ń sá fún un.

Ó wá bi mí léèrè: ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára rí? Mo ní rárá. Ṣé mo máa ń gún ara mi lábẹ́rẹ́? Rárá. Ṣé wọ́n ti fi abẹ gé nǹkan kan lára mi rí? Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá mi, olóòlà ni. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá, àwọn ọmọ àlejò yè. Abẹ tuntun lẹ fi kàn wọ́n. Àwa tí ẹ fẹ́ràn lẹ fún ní ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò yín. Kì í ṣe pé ẹ̀ ń ṣe ìkà, ẹ ò mọ̀ ni, bàbá yín náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìbùkúnolúwa ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ sọ fún Bọ́lánlé kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ ṣe tiyín. Gbogbo ọmọ agbo ilé tí abẹ yẹn kàn, ẹ ní kí wọ́n lọ. Ẹ má fi kan ọmọ mìíràn mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá Jamilah.

Oògùn kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀. Tó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, àpá ẹ̀dọ̀ mi ò ní lọ, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà di jẹjẹrẹ. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọwọ́ yín sinmi. Irọ́ ni. Ká ní mo sọ òótọ́ nínú lẹ́tà yẹn, ẹ ò ní kan ọmọ náà.

Ọmọ yín,
Abdulmajeed


Beyerúnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2024

Abdulmajeed,

Mo gba lẹ́tà rẹ.

Àwọn òyìnbó wo àìsàn rẹ tì, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n wá ní ilé bàbá rẹ ló ti wá, ìwọ náà sì gbà fún wọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Abẹ yẹn náà ni bàbá mi fi kàn mí, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ tọ́ wò. Kí ló ṣe mí? Mò ń gun òkè Mápó láìlo ọ̀pá.

Ò ń sọ fún mi pé èmi ni mo pa Àkíbù. O kọ ọ́ sínú ìwé, o lẹ̀ ẹ́ pa, o sì fi ránṣẹ́. Bí mo bá ti kú, ta lo máa kọ ọ́ sí?

Má kọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi mọ́. Ọmọ Bọ́lánlé wà dáadáa, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Mústáfà


Cardiff,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín kú òjò. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń retí ohùn yín. Mi ò fẹ́ ṣàìgbọràn sí yín, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe yín. Mo bi Dókítà Clara ní irú ìbéèrè yẹn gan-an. Ó ní àwọn kan wà tí kòkòrò náà máa ń bá gbé títí wọ́n á fi darúgbó, tí kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa pa àti ẹni tó máa fi sílẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn nìkan. Tí wọ́n bá ní ẹ ò ní in, á jẹ́ pé mo ti pa irọ́ mọ́ ilé wa, ẹ sì lè fi mí gégùn-ún.

Mo parí oògùn kejì ní oṣù tó kọjá. A ń dúró de èsì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé fóònù láti sọ fún Bọ́lánlé. Ó ń gbé ọmọ náà sójú fóònù kí n rí eyín tó ń hù, mo sì ń sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ̀yin ni bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Abdulmajeed


Cardiff,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá,

Kòkòrò náà ti lọ lára mi. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dúró kí oṣù mẹ́ta pé kí wọ́n tó sọ ọ́, kò sì padà. Àpá ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yà tiwa ní oògùn, ẹni tó bá tètè mọ̀ kò ní kú ikú Àkíbù.

Mo kọ orúkọ oògùn náà àti orúkọ ẹ̀yà náà sí ẹ̀yìn pépà yìí fún dókítà tó bá fẹ́ rí i. Mi ò bi yín ní nǹkan kan mọ́.

Àlàbí yín


Beyerúnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá, ọdún 2024

Àlàbí, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìnira. Mo kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ya mẹ́ta.

Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù keje dé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù kan tí wọn ò ti mọ̀ mí. Mo fẹ́ lọ gba ìwé tí màá fi sọ fún ọ pé irọ́ lo pa. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Felicia lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé etí mi ò gbọ́, ó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé ọmọ iléèwé, mò ń kà á, mò ń fèsì. Ọmọ dáadáa ni. Ó kọ ọ́ pé mo ní in.

Mo fún un ní pépà tí o kọ orúkọ ẹ̀yà náà sí nígbà tó dé. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ọ̀kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ mi, dókítà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó mọ́ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Àlàbí, mo sunkún níwájú àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn. Èmi tí mo pín in, mò ń gun òkè Mápó. Ẹni tí mo pín in fún ti jẹrà sínú ilẹ̀.

Mo gbé abẹ ilé lọ fún Felicia pé kó bá mi sun ún. Ó kọ ọ́ pé irin kì í jóná. Mo ní kó ṣáà gbé e kúrò lójú mi.

Mo pe àwọn ọmọ agbo ilé tó kù láàyè tí mo fi abẹ náà kàn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mo ní mo ní àrùn kan nínú ẹ̀jẹ̀, pé ọwọ́ mi ló ràn wọ́n, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Mọ́kànlá lọ. Mẹ́rin ní in, èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù ò kí mi mọ́.

Àfi Bọ́lánlé tó wà nílé ọkọ rẹ̀ ni mi ò lè sọ fún. Mo sọ fún un pé ojú ọmọ pọ́n díẹ̀, kó jẹ́ ká gbé e lọ. Ó gbà mí gbọ́. Ìbùkúnolúwa ní in. Felicia kọ ọ́ pé ara àwọn ọmọ kan máa ń fúnra rẹ̀ lé e jáde, pé tí tirẹ̀ ò bá lé e, ó dìgbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́ta kó tó lè lo oògùn. Mo ní kó sọ àrùn náà nìkan fún ìyá rẹ̀, kó má sọ ohun tó fà á.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Jamilah ní Bẹẹrẹ, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnì. Ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì, pé èmi ni mo pa ọkọ rẹ̀, kì í ṣe òun. Mo sọ ọ́ kíkan, nítorí mi ò mọ bí ohùn mi ṣe ń lọ sókè, àwọn ará ọjà sì ti ń wò wá. Kò yà á lẹ́nu. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó yọ ìwé kan jáde nínú ọ̀rá. Ìwé àyẹ̀wò Àkíbù ni. Ọdún 2016 ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Jamilah lóyún, ọsibítù ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìbímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Àkíbù mọ̀. Òun ló máa ń bá mi di ọmọ mú, ó ti rí àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ìwé yìí hàn mí níjọ́ fìdáù. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ rèé, mo dà á kọ síbí: "Ó mú mi búra. Ó ní tí ẹ bá mọ̀, ẹ ó kú." Mo pe obìnrin yẹn ní apànìyàn níwájú àwọn ẹbí rẹ̀, ìwé tí ì bá dá a láre wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yọ ọ́, kí n má baà kú. Ó kọ ọ́ pé òun ti dárí jì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ò ní wọ ilé wa mọ́ láéláé. Mi ò bẹ̀ ẹ́ sí i.

Àlàbí, mo bẹ̀ ọ́ ní ohun kan. Jẹ́ kí ti Bọ́lánlé wà láàárín èmi àti ìwọ. Bóyá ara ọmọ náà á lé e jáde, a ò sì ní ní ìdí láti sọ ọ́. Òun nìkan ló ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún mi.

Bàbá rẹ,
Mústáfà


Cardiff,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìtìjú. Ohun tí ẹ ṣe, mi ò mọ ọkùnrin mìíràn ní ọjọ́ orí yín tó lè ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Mo bínú sí Àkíbù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2016, ẹ̀dọ̀ mi ì bá ṣì rọ̀. Ká ní ó kọ ìlà kan péré sí mi, mi ò ní wà níbi tí mo wà yìí, tí mò ń ka oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nínú àwọn mẹ́rin tó ní in ní agbo ilé, ó kéré tán ẹ ti fi abẹ kan ọ̀kan lẹ́yìn tí Àkíbù ti mọ̀. Ó fẹ́ràn yín, ó sì dákẹ́. Mò ń bú u nínú yàrá mi bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo bú u tán, mo rí i pé ara mi ni mò ń bú.

Bàbá, ẹ dárí jì mí, mo ti sọ fún Bọ́lánlé. Kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí ni mo ti pè é, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ sí yín kí n tó sọ ọ́, ẹ ó bẹ̀ mí, màá sì gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: abẹ, àtàǹpàkò yín, Àkíbù, èmi, ọmọ. Kò pariwo. Ó ní ẹ ò mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọlà fún un, òun ò lè dá yín lẹ́bi ohun tí ẹ ò mọ̀. Á ṣì máa gbé oúnjẹ wá fún yín.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ̀yin mọ̀?"

Mo ní oṣù kẹwàá, nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù márùn-ún.

Mò ń gbọ́ Ìbùkúnolúwa lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi nǹkan lu abọ́. Ó ní, "Oṣù mẹ́rin. Ẹ pè mí, ẹ ní kí n lọ sí ọsibítù, mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní kò sí nǹkan."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní òun fẹ́ lọ fún ọmọ lóúnjẹ. Ọjọ́ kọkànlá rèé, kò gbé fóònù mi.

Ọmọ yín,
Abdulmajeed